Ibùsùn Ọmọ Ọdún Méjì

"Yọ àwòrán kẹjọ yẹn kúrò," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Hatakenaka wí. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ife tíì tó wà níwájú rẹ̀.

Dókítà Nukaga Misao dúró ti ògiri tí wọ́n tan àwòrán náà sí, ọ̀pá ìtọ́ka ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn dókítà ọmọdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó yí tábìlì gígùn ká, kálukú ń wo èékánná ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé àwọn dókítà ọmọdé gbogbo agbègbè àríwá, ìlú Morioka níbí ni wọ́n sì ti fẹ́ ṣe é lọ́dún yìí. Kò sí ọmọ ẹ̀ka wọn tó lè gun orí pèpéle níbẹ̀ láìjẹ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ọ̀gá wọn, ti gbọ́ gbogbo gbólóhùn tó fẹ́ sọ, kí ó fi tirẹ̀ kún un, kí ó sì gé èyí tí kò bá dùn mọ́ ọn kúrò.

Ohun tó wà nínú àwòrán kẹjọ kò ju obìnrin kan tó sùn lọ. Orí ibùsùn ọmọdé onírin ló sùn sí, èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún méjì. Ó ká eékún dé àgbọ̀n, ọmọ náà wà láyà rẹ̀, okùn omi tó ń wọ ọmọ lára sì gba orí etí ìyá kọjá. Ẹnu obìnrin náà là sílẹ̀.

"Sà, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ," Misao dáhùn.

"Ìṣirò ni ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ, ìṣirò sì wà ní àwòrán keje. Nínú ìyá mẹ́wàá tó ń sùn ti ọmọ ní ọsibítù, mẹ́jọ ló ń ṣàìsàn kí wọ́n tó padà sílé. Ó dára, a ti gbọ́. Kí la tún fẹ́ fi obìnrin tó lanu sùn ṣe? Ṣé ìpàdé dókítà là ń lọ ni, àbí ilé sinimá?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àwọn ọmọ abẹ́ máa ń rín fún ọ̀gá.

"Àti pé o kọ ọ́ síbẹ̀ pé 'àwọn ìyá tí a dá dúró.' Ta ló dá wọn dúró? Ṣé èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ wọn? Àwọn fúnra wọn ló bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí àwọn dúró. Kọ 'àwọn ìyá tó fẹ́ dúró' síbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí o. Òfin ìjọba sọ pé nọ́ọ̀sì ni yóò ṣe gbogbo ìtọ́jú ọmọ tó bá wà ní wọ́ọ̀dù, kò kan ẹbí rárá. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò tó, ọmọ ọdún méjì kò sì mọ òfin. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á pe ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ọmọ tó bá ń sunkún máa ń fa abẹ́rẹ́ omi yọ. Ìyá tó bá gbọ́ èyí, ṣé ilé ni yóò máa lọ? Òun náà á tẹríba, á bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun dúró ti ọmọ òun, ọsibítù á sì gbà fún un tàánútàánú. Nígbà tó sì jẹ́ pé òun ló bẹ̀bẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fún un lóúnjẹ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wá ibùsùn fún un. Ọgbọ́n burúkú ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ débi pé kò jọ ọgbọ́n lójú ẹnikẹ́ni mọ́.

"Sà, ṣé ẹ rí i..."

"Nukaga, gbọ́ mi." Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Mi ò ní kí o purọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àwòrán yìí síta, ọ̀rọ̀ á dé etí àwọn ará ìjọba. Wọ́n á ní a rú òfin, wọ́n á ní kí gbogbo ìyá máa lọ sílé. Nígbà náà, gbogbo ọmọ wọ́ọ̀dù á máa ké lóru, nọ́ọ̀sì méjì á máa sáré láàárín wọn. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn? Ìyá tèmi náà sùn tì mí lọ́sibítù nígbà tí mo wà ní kékeré. Ilẹ̀ ló sùn sí. Kò kú."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ohun tó ń dun Misao gan-an nìyẹn. Ọkùnrin náà tún gbé ife rẹ̀, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò pé: "Oṣù kẹrin ò jìnnà mọ́ o."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ oṣù kẹrin nínú yàrá yẹn. Oṣù kẹrin ni Ọ̀gá máa ń pín dókítà kiri àwọn ọsibítù kéékèèké tó wà lábẹ́ ẹ̀ka wọn, bí ẹni ń ta ayò. Ẹni tó bá wù ú á dúró sígboro, ẹni tó bá bí i nínú á bá ara rẹ̀ lẹ́yìn òkè níbi tí yìnyín ti ń bo fèrèsé. Misao ní ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Morioka, ó ní ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé.

"Ó ti yé mi, sà," ó ní.

Ó yọ àwòrán náà kúrò lójú gbogbo wọn. Akọ̀wé ẹ̀ka gba ìyókù, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣètò ìpàdé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyẹn sì ni pé ó ti parí. Kò sí ẹni tó tún lè fi nǹkan kan kún un mọ́.

Dókítà Isobe lé e bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Isobe ti ṣáájú rẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá iṣan lọ́wọ́ ìkókó, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ló ń pè é.

"Àbúrò, o ṣe dáadáa," Isobe ní. "O ò rí i bí ojú Ọ̀gá ti ń pọ́n bọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ṣe dáadáa kankan."

"Ìwọ ṣáà sọ ìwọ̀nba tó kù. Ṣé o mọ̀ pé èmi ni wọ́n yàn láti bi ọ́ ní ìbéèrè? Kí ni màá bi ọ́?"

Èyí náà tún jẹ́ àṣà wọn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ máa ń wà fún ìbéèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìtìjú ni bí kò bá sí ẹni tó béèrè nǹkan, ewu sì ni bí àlejò bá lọ béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò múra sílẹ̀ fún. Nítorí náà, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á ti yan ẹnì kan láàárín ara wọn tí yóò tètè dìde, tí yóò bi ẹni wọn ní ìbéèrè tí wọ́n ti jọ fẹnu kò lé lórí, tí ìdáhùn rẹ̀ náà sì ti wà nílẹ̀.

"Ẹ máa bi mí pé kí ló kù tí a fẹ́ ṣe," Misao ní.

"Ìwọ á sì sọ pé...?"

"Pé a ó túbọ̀ máa wádìí ọ̀rọ̀ náà lọ."

"Ó tán! Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́. Ta lo rí tí ìyẹn pa?"

Misao ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Inú ń bí i, kò sì tíì mọ̀ bóyá Isobe ló ń bínú sí tàbí ara rẹ̀.

Nígbà tó dé wọ́ọ̀dù nírọ̀lẹ́, Iori, ọmọ inú àwòrán náà, nìkan ló bá lórí ibùsùn. Ọmọ náà sùn fọnfọn, ojú rẹ̀ wú nítorí àìsàn kíndìnrín tó ti ń bá a fà á láti ìgbà ooru. Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Inú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó abọ́ tí aláìsàn jẹ tán sí ni Misao ti rí i. Obìnrin náà dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń fi ṣíbí ọmọdé jẹ ẹ̀kọ ìrẹsì tó ṣẹ́ kù nínú abọ́ ọmọ rẹ̀. Serizawa Tomoe ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù.

"Ìyá Iori, kí lẹ ń ṣe níbí?"

Tomoe ta gìrì. "Ẹ má bínú, Dókítà. Wọ́n fẹ́ dà á nù ni, mo ní kó má ṣòfò."

"Ṣé ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀ ni?"

"Mo jẹ. Mo ra ìṣù ìrẹsì kan ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo tún fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra òmíràn lọ́sàn-án, ó jí." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà mọ bó ṣe ń ké. Wọ́n á gbọ́ ọ ní ibùdókọ̀ ojú irin."

Misao wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó pọ́n. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí obìnrin náà bó ṣe máa ń ṣe fún ọmọdé. Ó gbóná janjan.

"Ibà wà lára yín!"

"Ẹ dákun, ẹ rọra sọ̀rọ̀." Tomoe di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bí nọ́ọ̀sì bá gbọ́, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Ta ni yóò wá dúró tì í? Ìlú Akita lọ́hùn-ún ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ló ń dùn mí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Bí ẹ bá fẹ́ tọ̀, ṣé ó máa ń ta yín?"

"Díẹ̀."

"Ṣé ẹ sì ń mu omi?"

"N kì í mu ún púpọ̀. Bí mo bá mu ún, màá fẹ́ lọ tọ̀. Bí mo bá lọ tọ̀, á jí." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé ìṣirò tó rọrùn fún ọmọ iléèwé.

Misao ní kó sọ̀ kalẹ̀ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú àgbàlagbà nísinsìnyí, òun á jókòó ti Iori títí yóò fi dé. Obìnrin náà kọ́kọ́ kọ̀, ó tún dúpẹ́, ó tún kọ̀. Nígbà tó wá gbà, tó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Dókítà, àwòrán mi ńkọ́? Ṣé àwọn ọ̀gá yín ti rí i?"

Ọ̀rọ̀ náà bá Misao lójijì. Nígbà tó kọ́kọ́ tọrọ àwòrán yẹn, ó rò pé obìnrin náà ò ní gbà láé. Ta ni yóò fẹ́ kí odindi gbọ̀ngàn àjèjì máa wo ẹnu òun tó là sílẹ̀ lójú oorun?

"Ìyá ọkọ mi gbọ́ sí i," Tomoe ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ó ní ṣé ojú ò tì mí ni. Mo ní ojú ń tì mí, Màmá. Ó ti pẹ́ tó ti ń tì mí. Ẹ jẹ́ kó ti àwọn dókítà náà díẹ̀."

"Wọ́n á rí i," Misao ní. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Yasuo, ọkọ rẹ̀, ń gé kábéèjì nígbà tó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan bí Tomoe ti gba oògùn tó sì padà sídìí ọmọ rẹ̀. Koto ọmọ wọn wà ní yàrá kejì, ó ń fi ohùn rara ka ìwé.

"Ìlérí méjì lo ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo," Yasuo ní. "O sọ fún ìyá ọmọ pé wọ́n á rí i. O sọ fún ọ̀gá rẹ pé ó ti yé ọ."

"Mo ní ó yé mi. Mi ò ní màá ṣe é."

Yasuo fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Háà! Ọ̀rọ̀ tìẹ náà ti wá dà bíi ti ọsibítù yín. Ẹ ò ní kí wọ́n dúró, àwọn ló bẹ̀ yín." Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Bó bá gbé ọ lọ sí òpin ayé loṣù kẹrin ńkọ́?"

"Ẹ ó máa wá wò mí lópin ọ̀sẹ̀."

"Koto á sunkún."

"Á sunkún," Misao gbà, omi sì lé sójú òun náà. "Ṣùgbọ́n orí ibùsùn tirẹ̀ ni yóò ti sunkún, bàbá rẹ̀ á sì ti jẹun yó."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe gan-an? Àwòrán ti lọ."

"Mi ò tíì mọ̀," ó ní. Òótọ́ ni, kò tíì mọ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu. Kóòtù dúdú ni lọ́tùn-ún, kóòtù dúdú ni lósì, orúkọ kálukú rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọkàn ìkókó, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ikọ́ tó ń fún ọmọ lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ńlá, ọ̀rọ̀ tó ń gba ẹ̀mí là. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ló sì ń tún orí ọmọ ṣe. Ọrùn ìyá tó pọ̀n ọ́n ni ẹnikẹ́ni ò wò.

Ọ̀rọ̀ Misao ló kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kasuya tó jẹ́ alága, ọ̀rẹ́ Hatakenaka láti ìgbà èwe, pe orúkọ rẹ̀. Hatakenaka jókòó sí ìlà iwájú, ó ká ọwọ́ láyà. Misao sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe fi dánra wò, kò fì sọ́tùn-ún, kò fì sósì. Àwòrán keje wá, ó ka ìṣirò rẹ̀. Lẹ́yìn àwòrán keje, èyí tí wọ́n kọ "Ẹ ṣeun" sí ló yọ. Hatakenaka mi orí pé ó dára. Agogo kékeré tó ń ṣọ́ àkókò lu lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé kó máa parí ọ̀rọ̀.

Misao fi ọ̀pá ìtọ́ka sílẹ̀.

"Àwòrán kan wà tó yẹ kó wà níbí," ó ní. "Ìyá kan ló fún mi, ó fẹ́ kí ẹ rí i. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ dákun, ẹ wo èmi."

Tábìlì kan wà lórí pèpéle tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, ìgò omi nìkan ló wà lórí rẹ̀. Misao gbé ìgò náà sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó kọ ojú wọn síta bí a ti ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé. Ó gun orí tábìlì. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ká eékún dé àgbọ̀n, nítorí tábìlì náà kò gùn ju ibùsùn ọmọdé lọ. Irun rẹ̀ tú, kóòtù rẹ̀ ká sókè lẹ́yìn, kò tún un ṣe. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti wà lọ́ọ̀ọ́kán níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ohùn tó fi ń pe Koto wọlé láti ìta ló fi sọ̀rọ̀.

"Ọmọ wà níbí," ó ní, ó fọwọ́ lé àyà. "Okùn omi gba ibí kọjá. Bí mo bá yí, á yọ, nítorí náà mi ò gbọdọ̀ yí. Mi ò mu omi láti ọ̀sán, kí n má baà dìde lọ tọ̀. Èyí tí ọmọ mi bá jẹ kù ni oúnjẹ mi. Láti ìgbà ooru ni ìyá tí mo ń sọ yìí ti wà bẹ́ẹ̀. Òun ló bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun wà bẹ́ẹ̀. Àwa la sì kọ́ ọ bí yóò ṣe bẹ̀ wá."

Agogo lu lẹ́ẹ̀mejì. Misao ò dìde.

 Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, nígbà tí kò rí ẹni bá a rín in, ó fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

"Dókítà Nukaga," alága ní, "àkókò ti tán."

"Mo gbọ́, sà," ó dáhùn láti orí tábìlì. "Ilẹ̀ ò tíì mọ́ níbí ni."

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀, ó padà sídìí gbohùngbohùn pẹ̀lú irun tó dúró ṣánṣán lápá kan. Inú rẹ̀ dùn lọ́nà tí kò tíì dùn rí látìgbà tó ti ń ṣe dókítà.

Isobe dìde. Ọrùn rẹ̀ ti pọ́n dé etí. Ó wo ẹ̀yìn orí Ọ̀gá, ó wo ilẹ̀, ó sì béèrè ohun tí wọ́n rán an.

"Èmi ni Isobe, ẹ̀ka kan náà la wà. Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ tó kún fún ẹ̀kọ́. Kí ló... kí ló kù tí ẹ fẹ́ ṣe?"

"A ó túbọ̀..." Ahọ́n Misao mọ ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Ó dúró. "Rárá. A ò fẹ́ wádìí nǹkan kan mọ́, a ti wádìí tó. Oúnjẹ ló kù. Ọsibítù tó bá fẹ́ kí ìyá dúró, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kó fún un lóúnjẹ, kó fún un níbi tí yóò na ẹsẹ̀ sí. Bí ìjọba bá sì ní a rú òfin, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú wa. Àwa náà á bi wọ́n pé àwọn nọ́ọ̀sì tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ náà dà?"

Ó yẹ kí Isobe jókòó. Kò jókòó.

"Ẹ ṣeun," ó ní. Lẹ́yìn náà ó fi ohun tí ẹnikẹ́ni ò rán an kún un. "Òótọ́ ni."

Kí alága tó rí ọ̀rọ̀ sọ, obìnrin kan ti dé ìdí gbohùngbohùn kejì lẹ́yìn gbọ̀ngàn. "Aomori ni mo ti wá," ó ní. "Dókítà ni mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sùn bẹ́ẹ̀ ti ọmọ mi, ní wọ́ọ̀dù tí èmi fúnra mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn mi ò tíì bọ̀ sípò títí dòní. Mi ò ní ìbéèrè kankan."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín tó sọ kì í ṣe ẹ̀rín ọmọ abẹ́. Àwọn mìíràn ti ń tò sẹ́yìn obìnrin náà, alága sì ń wo agogo bí ẹni pé agogo ló ṣẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Hatakenaka dúró de Misao lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ìta gbọ̀ngàn. Kò pariwo. Kò pariwo rí láyé rẹ̀.

"O dójú tì mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú." Misao tẹríba gan-an. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, gbogbo wa ni."

"Hamasawa lò ń lọ loṣù kẹrin."

Misao mọ Hamasawa. Etí òkun ni, ọkọ̀ ò sí níbẹ̀ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, òórùn ẹja sì máa ń wọ inú ọsibítù. Ó ronú kan Koto, ọkàn rẹ̀ fà ro.

"Ibùsùn ọmọdé mẹ́fà ló wà níbẹ̀," Ọ̀gá ń sọ. "Bàbá arúgbó tó ń ṣe dókítà ọmọdé níbẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ìwọ nìkan lo máa wà níbẹ̀. O ò ní rí ẹni bá jiyàn."

"Èmi nìkan, sà?"

"Ìwọ nìkan."

"Ta ni yóò máa pàṣẹ ní wọ́ọ̀dù?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ojú rẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. "Ìwọ," ó ní.

"Ta ni yóò máa bá àwọn ará ilé ìdáná sọ̀rọ̀?"

"Nukaga."

"Mo kàn ń béèrè ni, sà. Bí mo bá gbé ibùsùn àgbà wọ wọ́ọ̀dù yẹn, tí mo ní kí wọ́n máa se oúnjẹ ìyá mọ́ ti ọmọ, ta ló máa dá mi dúró?"

Ọ̀gá yíjú sí fèrèsé. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, òun alára ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣáná sí i.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, màá wá síbí wá sọ bó ṣe rí," Misao ní. "Orúkọ yín ni màá kọ kẹ́yìn pátápátá, níbi tí a máa ń kọ ti ọ̀gá sí."

Hatakenaka ò yíjú kúrò lójú fèrèsé. "Kọ́kọ́ mú un wá kí n wò ó," ó ní, nítorí pé ìyẹn ló mọ̀ ọ́n sọ.

Misao tún tẹríba. Kò ní òun á mú un wá, kò ní òun ò ní mú un wá.

Ní ìsàlẹ̀, ilé iṣẹ́ olóògùn kan ń pín oúnjẹ ọ̀sán nínú páálí fún àwọn dókítà tó fẹ́ wọlé gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Misao tò sórí ìlà. Nígbà tó kàn án, ó mú páálí méjì.

"Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹyọ kan ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan," ọkùnrin tó ń pín in ní.

"Àwa méjì ni. Ẹnì kejì ò lè kúrò lórí ibùsùn."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo irun orí rẹ̀, ó fi igi tín-ín-rín tí wọ́n fi ń jẹun, ti ẹni méjì, lé páálí náà. Misao kò wọ inú gbọ̀ngàn. Ó gbá páálí méjèèjì mọ́ àyà, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó sì forí lé ọsibítù. Ó fẹ́ gbé Iori fún ìgbà díẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè jókòó jẹun.